Ohun Tí Ń Dún Nínú Ọkọ̀ Ọ̀gá Mi

Ọjọ́ tí mo gbẹ̀san, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni. Oòrùn ti là, ilẹ̀ sì gbẹ. Mo tilẹ̀ lè sọ bí ẹ̀san náà ṣe dún: kàn, kàn, kó. Bẹ́ẹ̀ ló ń dún láti Adó títí dé Ìyìn, bẹ́ẹ̀ ló sì ń dún létí mi di ìsinsìnyí tí mo ti darúgbó. Àwọn ọmọ mi máa ń ní kí n fi ìtàn náà sílẹ̀, pé ẹni tí mo ń bínú sí ti kú. Mo ní kò burú, ó ti kú. N kò rí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ìbínú gbọ́dọ̀ bá òkú wọ sàréè.

Nígbà tí mo ń wí yìí, mọ́tò kò pọ̀ ní Adó. Bí ọ̀kan bá ń bọ̀ láti ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́, a ó ti gbọ́ ọ kí a tó rí i, a ó sì ti mọ ẹni tó ni ín. Ọ̀gá mi ní ọ̀kan. Ọwọ́ òyìnbó kan tó ń ra kòkó, tó sì fẹ́ padà sílùú rẹ̀, ló ti rà á. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni, aṣọ tó nípọn ni wọ́n fi bo orí rẹ̀, pákó ni wọ́n tẹ́ sí ilẹ̀ inú rẹ̀. Ọ̀gá mi fi ń gbé àwọn oníṣòwò, àwọn tíṣà, àti aláìsàn tí ó bá lówó, lọ sí Ìyìn, sí Ìgbẹ́mọ, sí Ìkẹ́rẹ́. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ku díẹ̀ kí ó dá mi sílẹ̀ kí n máa wakọ̀ fúnra mi. Mo ti ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọge Ìyìn létí mi, bí wọn yóò ṣe máa pè mí ní dírẹ́bà.

Ọ̀gá mi jẹ́ bàbá ìjọ. Òun ló ń gbé àwo ọrẹ káàkiri ní ọjọ́ Àìkú, kò sì sí ẹni tí ń rìn lọ́wọ́ọ̀wọ̀ tó o. Ìyá rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìyá àgbà yìí ń tẹ̀lé ọmọ rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n àgbàlagbà ni, ohun tí ó bá lọ́wọ́ ìyá tirẹ̀ kò tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nínú àpótí irinṣẹ́ ọkọ̀ náà, sípánà kan wà tó tóbi ju gbogbo ìyókù lọ. Òyìnbó ló bá ọkọ̀ gbé e wá. Kò sí irú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní Adó. Orí rẹ̀ wúwo, ìdí rẹ̀ tín-ín-rín. Èmi ni mo ń nù ún, èmi ni mo ń fi epo pa á, ó sì ti já bọ́ lọ́wọ́ mi lórí òkúta ju iye ìgbà tí mo lè kà lọ. Ìgbàkigbà tó bá já bọ́, ọ̀gá mi a fọ́ mi létí. Nítorí náà, mo mọ ohùn sípánà yẹn bí mo ṣe mọ ohùn ìyá mi.

Ọ̀sẹ̀ ọdún Ògún ló sọnù. Lọ́sẹ̀ yẹn, àwọn alágbẹ̀dẹ, àwọn ọdẹ, àti àwọn awakọ̀ díẹ̀ tó wà nílùú kó irin wọn jọ síwájú Ògún, wọ́n bu epo pupa sí i, wọ́n fi màrìwò bò ó, wọ́n sì jẹ́ kó sinmi. Ọ̀gá mi kò bá wọn lọ. Ó ní ẹni tí ń gbé àwo ọrẹ kò lè gbé sípánà lọ síwájú òkúta. Nígbà tí ọdún parí, ó ṣí àpótí, ó ka irinṣẹ́ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì pè mí.

“Èèyàn méjì ló ń ṣí àpótí yìí,” ó wí. “Èmi àti ìwọ. Èmi ò jí sípánà ara mi.”

Mo ní n kò mú un. Mo wá inú ilé, mo wá abẹ́ ọkọ̀, mo wá ibi tí a máa ń da epo ìdọ̀tí sí. Mo sunkún. Ẹkún mi ló wá ba ọ̀rọ̀ jẹ́, nítorí ó ní ẹni tí kò jalè kì í sunkún. Ó ránṣẹ́ sí ìyá mi ní Ìyìn. Ẹsẹ̀ ni ìyá mi fi rìn wá, eruku dé e lórúnkún, adìẹ kan wà lábẹ́ apá rẹ̀ láti fi bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí kò mọ̀.

Ọ̀gá mi kò gba adìẹ. Ó ní kí n lọ fi irin búra níwájú alágbẹ̀dẹ. Ẹnì kan bi í pé, ẹ̀yin bàbá ìjọ, kí ló dé tí ẹ kò ní kó fi Bíbélì búra? Ó dáhùn pé Bíbélì máa ń mú sùúrù fún ẹlẹ́ṣẹ̀, irin kì í mú sùúrù.

Ìyá mi fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó di ojú mi mú ní ọwọ́ méjèèjì.

“Ọmọ mi, ṣé uwọ lo mú un?”

“Éè ṣe èmi, iye mi.”

“Ó dáa. Jẹ urin náà. Urin éè pa ẹni tí kò purọ́.”

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jẹ irin, lójú àwọn àgbà márùn-ún. Alágbẹ̀dẹ na àdá sí mi, mo fi eyín kàn án, mo fi ahọ́n kàn án. Ọ̀gá mi ló ń sọ ohun tí n óò wí, ṣùgbọ́n ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń wo ọ̀nà, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé bàbá ìjọ wà níbẹ̀. Ó ń sọ ọ́ láti ẹ̀yìn, mo ń tẹ̀lé e: bí èmi bá jí sípánà ọ̀gá mi, kí irin pa mí, kí mọ́tò tí mo bá wà pa mí, èmi àti ẹnikẹ́ni tó bá wà nínú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ jókòó lórí òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ. Ó fi etí gèlè bo ẹnu. Mo rò pé àánú mi ló ń ṣe é.

Mo ti rò pé bí mo bá ti jẹ irin tán, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ẹni tó bá jẹ irin tó sì dìde, a máa ń kí i kú oríire. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi yíjú padà, ó ní, “Ó ti jẹ ẹ́. Ká máa wò ó. Láti òní lọ, kí ọwọ́ rẹ má kan ọkọ̀ mi mọ́.” Ọ̀rọ̀ ‘ká máa wò ó’ yẹn ló bà mí láyé jẹ́. Gbogbo Adó wá ń wò mí. Kò sẹ́ni tó pè mí ní olè lójú mi. Wọ́n kàn ń dúró kí mọ́tò wá pa mí, kí wọ́n lè mọ òtítọ́.

Ọkùnrin kan tó ní lọ́rì ní Ìgbẹ́mọ gbà mí pé kí n máa wà á. Ọjọ́ kìíní, ọkọ̀ ti kún, mo ti jókòó sídìí rẹ̀, ni bàbá oníṣòwò obì kan, mùsùlùmí, ẹni jẹ́jẹ́, bi mí pé ọmọ ibo ni mí. Mo sọ fún un. Ìtàn mi ti dé etí rẹ̀. Ó rọra sọ̀kalẹ̀, ó gbé apẹ̀rẹ̀ obì rẹ̀.

“N kò ní o jalè o, ọmọ mi,” ó wí. “Ṣùgbọ́n bí irin bá ń bọ̀ wá mú ọ, èmi ò fẹ́ wà ńbẹ̀.”

Ọ̀kan sọ̀, èkejì sọ̀, gbogbo wọn sọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọlọ́kọ̀ ti gba ọkọ̀ rẹ̀ padà.

Ti ìyá mi ló dùn mí jù. Ní ọjà Ìyìn, bí ó bá súnmọ́ ọjà obìnrin kan, obìnrin náà a fa igbá rẹ̀ mọ́ra. Bí mọ́tò bá sì dún lójú ọ̀nà, ibi tí ìyá mi bá wà, ìbáà jẹ́ ìdí ààrò, a sáré jáde pẹ̀lú ọwọ́ láyà láti wò bóyá òkú mi ni wọ́n gbé bọ̀. Òun ló ní kí n jẹ irin. Ó wá ń bẹ̀rù irin tó ní kí n jẹ. Mo mọ̀ pé bí orúkọ mi kò bá mọ́ kí ó tó kú, yóò kú ní ìyá olè. Nítorí rẹ̀ ni mo fi ṣe ìbúra kejì, èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́: pé n óò gbẹ̀san lára ọ̀gá mi, lójú gbogbo àwọn tó wà níbi tí mo ti jẹ irin.

Lẹ́yìn ọdún kan, alágbẹ̀dẹ tó na àdá sí mi ránṣẹ́ pè mí. Ó ní ọdún ti yí po, irin kò pa mí. Ẹni tí irin ò bá pa, kí ó kúkú máa bá irin ṣiṣẹ́. Lọ́dọ̀ rẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún kẹ̀kẹ́ ṣe, lẹ́yìn náà ẹ̀rọ ìránṣọ, lẹ́yìn náà mọ́tò. Wọn kò jẹ́ kí n wa ọkọ̀ wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbé e wá kí n tún un ṣe. Etí ni mo fi ń ṣe é. Mo ní ọ̀pá oparun gígùn kan: n óò fi ìdí rẹ̀ kan ara ọkọ̀, n óò fi orí rẹ̀ ti etí, ibi tí àìsàn wà yóò sì bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n ń ti Àkúrẹ́ wá sọ́dọ̀ mi nítorí oparun yẹn.

Ó tó ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn ìbúra kí ọkọ̀ ọ̀gá mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ó ti gbó nígbà náà. Aṣọ orí rẹ̀ ti ya, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí, ṣùgbọ́n ó ṣì ń rìn. Ìró náà kọ́kọ́ kéré. Nígbà tó di oṣù kejì, ó ti di ohun tí àwọn ọmọdé fi ń sáré tẹ̀lé e, tí wọ́n ń pariwo kàn-kàn-kó láti ìsàlẹ̀ ọjà dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Èrò ń sá fún un. Wọ́n ní ọkọ̀ náà fẹ́ tú ká. Ọ̀gá mi gbé e lọ síbí, ó gbé e lọ sọ́hùn-ún. Wọ́n fún gbogbo nọ́ọ̀tì rẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́, wọ́n tún un fún ní Àkúrẹ́. Ó bọ́ sí ojú ọ̀nà padà, ó ní kàn, kàn, kó. N kò lè purọ́, oúnjẹ ń dùn mọ́ mi lẹ́nu láwọn ọjọ́ yẹn.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ọ̀gá mi gbé e dé ẹnu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ. Kò kí mi.

“Wọ́n ní o máa ń gbọ́ èdè ọkọ̀,” ó wí. “Wá ohun tó ń dún nínú èyí fún mi. Àlejò ìjọ ń bọ̀ láti Èkó lọ́jọ́ Àìkú, ọkọ̀ mi ni wọ́n ní kó gbé e. N kò lè fi ariwo yìí gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀.”

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kó má rí ojú mi.

“Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà. N óò wá a. Ṣùgbọ́n ẹ ti ní kí ọwọ́ mi má kan ọkọ̀ yín mọ́, n kò sì lè rú òfin yín. Etí nìkan ni n óò fi wá a.”

Ó wò mí bóyá mo ń fi òun ṣẹ̀fẹ̀ ni. Ẹ̀fẹ̀ ni mo ń fi í ṣe. Ṣùgbọ́n Àìkú ti súnmọ́, ó sì gbà.

Mo ní kí ó yí ẹ́ńjìnnì dìde, kí ọkọ̀ dúró lójú kan. Mo na oparun sí i, mo tẹ́tí. Mo kan ìbòrí táyà, ó dákẹ́. Mo kan àgbá epo, mo kan páìpù èéfín, mo kan ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àárẹ̀ arúgbó wà lára gbogbo wọn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ń sọ̀rọ̀ tí mò ń wá. Mo ní kí ó máa wà á lọ jẹ́jẹ́ ní ọ̀nà Ìyìn, mo ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ajá. Ní ilẹ̀ tó tẹ́jú, kò dún. Nígbà tó ń gun òkè, mo gbọ́ ohun kan tó ń yọ́ lọ sẹ́yìn. Nígbà tó ń sọ̀kalẹ̀, ohun náà yọ́ padà wá síwájú, ó sì ní kàn, kàn, kó.

Mo wá mọ̀ pé gbogbo àwọn tó ń fún nọ́ọ̀tì kàn ń tan ara wọn ni. Nǹkan kan kò tú lára ọkọ̀ náà. Ohun kan ló ń rìn nínú rẹ̀. Lábẹ́ àga ẹ̀yìn, láàárín pákó àti irin pẹrẹsẹ tó bò ó nísàlẹ̀, àyè kan wà tí kò ju ọwọ́ kan lọ. Mo ní kó tún gun òkè náà, kó tún sọ̀kalẹ̀. Mo fi oparun tẹ̀lé e níbẹ̀.

Ní ìgbà kẹta ni mo dá ohùn náà mọ̀. Orí tó wúwo ló kọ́kọ́ ń kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ìdí tín-ín-rín a wá tẹ̀lé e. Mo dúró gbagidi lójú ọ̀nà, eruku bò mí. Ọdún mẹ́jọ. Ọdún mẹ́jọ tí ìyá mi ti ń sáré jáde nídìí ààrò, ohun tí wọ́n ní mo jí wà lábẹ́ ìdí ọ̀gá mi, ó ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọwọ́ mi fẹ́ ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Inú mi ń sọ pé kí n ya pákó náà, kí n fà á yọ, kí n jù ú sí i láyà. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà nìkan la wà, èmi àti òun. Bí ọwọ́ mi bá yọ ọ́, ohun tí wọn yóò wí ti hàn sí mi: olè ti dá ohun tó jí padà, ó fi ọgbọ́n tì í bọ abẹ́ ọkọ̀ nígbà tó ń ṣe bí ẹni ń wá ariwo. Mo ti ọwọ́ méjèèjì bọ abíyá. Mo ní sùúrù ọdún mẹ́jọ lára, n kò ní í fi ìwàǹwára ọjọ́ kan sọ ọ́ nù.

“Mo ti rí i, sà,” mo wí. “N óò fi hàn yín lọ́la, lẹ́nu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi pe àwọn tó wà níbẹ̀ nígbà tí mo jẹ irin. Kí ìyá àgbà náà wà níbẹ̀.”

“Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe níbi ká tún ọkọ̀ ṣe?”

“Ẹlẹ́rìí ni, sà. Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo tún jí nǹkan nínú ọkọ̀ yín.”

Ó pòṣé, ó ní mo ti ya wèrè. Ṣùgbọ́n ó gbà. Kò rí wọn kó jọ ní ọjọ́ Ẹtì; ó di òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kí wọ́n tó pé. Alágbẹ̀dẹ jókòó sídìí owú tó fi ń rọ irin. Àwọn àgbà mẹ́rin tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́sí dé. Ẹnì karùn-ún ti kú. Wọ́n gbé ìyá àgbà sórí òkúta tó jókòó lé lọ́jọ́ náà, ó ti di kékeré bí ọmọdé. Mo dúró ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí ọkọ̀. Mo ká ọwọ́ sẹ́yìn, mo sì ní kí àwọn àgbà wo ọwọ́ mi dáadáa.

“Ẹ gbé àga ẹ̀yìn kúrò, sà.”

Ó gbé e kúrò, ó ń ráhùn.

“Ẹ yọ pákó kẹta láti apá òsì. Ẹ ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ túbọ̀ tì í wọlé. Títí dé ìgúnpá, sà.”

Mo ń wo ojú rẹ̀. Mo ti ń retí ojú yẹn fún ọdún mẹ́jọ, n kò sì ṣẹ́jú. Mo rí i nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kan ohun náà. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Ó dúró pẹ́, bí ẹni pé bí kò bá fà á yọ kò ní í sí níbẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ní, “Kí lo dì mú?” Ó fà á yọ.

Sípánà náà ti dúdú. Ọ̀já màrìwò tó ti jẹrà rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn, àti àkísà aṣọ aláró kan tí eku ti jẹ. Alágbẹ̀dẹ gbà á, ó gbé e sí imú.

“Epo pupa,” ó wí. “Epo pupa àtijọ́. Ta ló fi urin bọ Ògún nínú ọkọ̀ bàbá ìjọ?”

Ọ̀gá mi na ìka sí mi. Mo mọ ohun tó fẹ́ wí, mo tilẹ̀ ń dúró dè é. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti rí aṣọ náà.

“Sọ ọwọ́ ẹ kalẹ̀,” ó ní. “Éè ṣe òun. Aṣọ mi lèyí.”

Ó ní òun ni. Ó ní ọmọ òun kọ̀, kò fún Ògún ní nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ló ń fi irin sáré káàkiri ayé lójoojúmọ́. Oorun kò kun òun. Nígbà tí ulé dá, òun mú èyí tó tóbi jù nínú àpótí, òun ta epo sí i, òun fi màrìwò àti aṣọ ara òun dì í, òun sì ti ihò kan nínú pákó tì í bọ abẹ́ ọkọ̀, kí Ògún lè jókòó ti ọmọ òun kí ukú má baà rí i. Ó dì í le, kò lè dún. Ọdún ló jẹ ìdì náà.

“Ẹ wà níbí nígbà tí mo ń jẹ irin,” mo wí. “Lórí òkúta yìí lẹ jókòó. Ẹ fi gèlè bo ẹnu.”

“Mo wà níbẹ̀.” Kò wo ibòmíràn, ojú mi ló ń wò. “Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àwo ọrẹ lé e lọ́wọ́ nígbà náà ni. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọn á ní Ògún ni bàbá ìjọ ń bọ. Mo ro ó wò: uwọ, urin éè ní í pa ọ́, mo mọ̀ pé o ò jí i. Mo ní ojú á tì ọ́ díẹ̀, á sì tán.”

Díẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju gbogbo ohun tí ọmọ rẹ̀ ti ṣe sí mi lọ.

Àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí. Wọ́n ní kí n fọwọ́ wọ́nú, pé orúkọ mi ti mọ́, pé ọ̀gá ẹni ni ọ̀gá ẹni í jẹ́. Ọ̀gá mi nu ojú, ó ní àṣìṣe ni, kò sẹ́ni tí kì í ṣì í, a dúpẹ́ pé a ti rí ohun tó ń dún. Ó gba sípánà náà lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ, ó fẹ́ jù ú sínú àpótí, bí ẹni pé àná ló sọnù.

“Rárá, sà,” mo ní. “Ẹ dá a padà síbi tó wà.”

Ó ní kí ni mo wí?

“Ẹ dá a padà sábẹ́ pákó, láìsí aṣọ, láìsí màrìwò. Kó wà níbẹ̀ títí àlejò yín yóò fi dé tí yóò sì lọ. Lónìí, èmi ni n óò wa ọkọ̀, ẹ̀yin ni ẹ óò jókòó tì mí. A ó gba àárín ọjà, a ó gba iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, a ó sì dé Ìyìn. Bí ẹ kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, àdá àgbẹ̀dẹ nìyẹn. Kí ẹ wá jẹ ẹ́ lójú gbogbo wọn pé mo jalè.”

Ó wo alágbẹ̀dẹ kó gbà á sílẹ̀. Alágbẹ̀dẹ na àdá sí i. Ìyá àgbà ló ní, “Wọnú ọkọ̀.” Ọ̀gá mi tẹ̀ ba, ó dá sípánà padà, ó sì wọlé.

Ọdún mẹ́jọ ni ọwọ́ mi kò ti kan ìdarí yẹn. Mo wà á jẹ́jẹ́, n kò kánjú. Ìròyìn ti ṣáájú wa dé ọjà. Àwọn ọmọdé tó máa ń pariwo tẹ̀lé e dúró sẹ́bàá ọ̀nà, wọn ò pariwo mọ́. Kòtò tí ọ̀gá mi máa ń yẹ̀ fún, mo wa ọkọ̀ bọ́ sínú gbogbo wọn. Kàn, kàn, kó. Ní iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn obìnrin tí ń gbálẹ̀ de àlejò gbé ìgbálẹ̀ dúró, ọ̀gá mi sì tẹrí ba. Nígbà tí a jáde sí ọ̀nà Ìyìn, tó ku àwa méjì, ó sọ nǹkan kan. Ohùn rẹ̀ kéré. Mo gbọ́ ọ kedere: ó ní kí n má bínú.

“Ẹ ní kí ni, sà?” mo wí. “Ariwo yìí ò jẹ́ kí n gbọ́ràn.”

Kò tún un sọ. N kò sì bi í mọ́.

A dé Ìyìn ní ìyálẹ̀ta. Kí n tó yà sí ọ̀nà ilé wa, ìyá mi ti sáré jáde, ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì, ọwọ́ náà ló fi di àyà. Ó rí mi nídìí ìdarí. Ó rí ẹni tó jókòó tì mí. Àwọn aládùúgbò ti ń jáde.

“Kí ló ń dún?” ó bèèrè.

“Sípánà tí mo jí ni, iye mi. Abẹ́ ọkọ̀ wọn ló wà látijọ́. Ìyá wọn ló fi síbẹ̀.”

Kò sunkún, kò sì yọ̀. Ó dúró títí, ó ń wo pákó ọkọ̀. Ọ̀gá mi ti ṣí ilẹ̀kùn, ó ti gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, ó fẹ́ wá kí i. Mo bẹ̀rù pé yóò ní kó wọlé wá mumi, nítorí ìyá mi kì í jẹ́ kí àlejò kọjá. Ṣùgbọ́n ìyá mi na ọwọ́ oníyẹ̀fun sí i, ó ní kó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ padà sínú ọkọ̀. Ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ jáde sí ẹnu ọ̀nà, ó jókòó, ó sì ké sí ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó ń fa igbá mọ́ra ní ọjà pé kó wá jókòó ti òun.

“Wà á kọjá, ọmọ mi,” ó ní.

Mo wà á dé ìpẹ̀kun àdúgbò, mo yí i padà, mo wà á kọjá níwájú rẹ̀. Kàn, kàn, kó. Mo dúró. Mo rò pé ó ti tó.

“Tún un wà kọjá,” ìyá mi wí. “Mi ì tíì gbọ́ ọ tán.”